Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé tí Mo Yàn fún Ìyá Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì ránṣẹ́ láti Èkó, ọ̀kan fún Ìyá wa, ọ̀kan fún èmi tí n óò sìn wọ́n débẹ̀. Bàbá ti kú, Ìyá sì ń dá gbé nínú ilé wa ní Ẹsìẹ́. Èmi wà ní ilé ọkọ mi ní Òmù-Àrán, mo ń ṣe tíṣà. Àbúrò mi ní kò bójú mu kí ìyá òun máa dá gbé bí ẹni tí kò bímọ. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nìyẹn. Ó ń kó sìmẹ́ǹtì wọlé láti òkè òkun, òun ló sì ṣe gbogbo ìnáwó fìdáù Bàbá. Nínú ẹbí wa, ẹni tó lówó ni ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí mo mú iṣẹ́ náà dé Ẹsìẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Ìyá, wọ́n ń bó iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, ọwọ́ wọn kò dúró.

"Ṣé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ná?"

"Ó ti rà á, Ìyá."

"Bí mo bá ní n kò lọ ńkọ́?"

Àwọn ará ilé bàbá mi ti gbọ́, wọ́n ti ń kí Ìyá kú oríire pé ọmọ wọn fẹ́ fi bàálù gbé wọn lọ sí Èkó. Ta ló ti wọ bàálù rí ní agboolé wa? Bí Ìyá bá kọ̀, wọn óò ní wọ́n fẹ́ dójú ti ọmọ wọn ni. Bí èmi bá sì gbè wọ́n lẹ́yìn, àbúrò mi óò ní ìlara ló ń ṣe mí. Bí a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, àwa méjèèjì, bí ẹran tí wọ́n so mọ́ igi kan náà.

Nígbà tó yá, Ìyá fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ rí ní èèyàn máa ń rí ilẹ̀ láti òkè. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí n lọ, wá ibi tí n óò jókòó sí tí n óò fi rí Ẹsìẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àga, bí ẹni ń wádìí ìdílé ọkọ. Tíṣà kan wà ní Òmù-Àrán tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní jọ́gíráfì, ó sì ti wọ bàálù láti Ìlọrin lọ sí Èkó rí. Mo lọ bá a. Ó mú igi, ó fi ya ilẹ̀ níwájú ilé rẹ̀.

"Ìlọrin nìyí," ó ní. "Èkó nìyí, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òmù-Àrán àti Ẹsìẹ́ wà ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Tí bàálù bá ti kọjú sí Èkó, ọwọ́ òsì yín ni ilé máa wà. Bí ẹ bá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, igbó Ọ̀yọ́ lẹ óò máa wò."

"Ṣé gbogbo fèrèsé ọwọ́ òsì náà ló dáa?"

"Rárá o. Apá bàálù fẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sórí ẹ̀ gan-an, irin nìkan lẹ óò máa wò títí ẹ óò fi dé. Iwájú apá ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ má sì lọ láàárọ̀, oòrùn á gún yín lójú láti apá ilé. Ọ̀sán ló dáa jù, pàápàá lásìkò òjò, nígbà tí òjò bá ti fọ eruku ojú sánmà."

Àsìkò òjò náà la wà, ọ̀sán sì ni bàálù tiwa. Inú mi dùn, àfi bíi pé mo ti rí nǹkan gbà padà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan, obìnrin tó máa ń lọ ra aṣọ l'Ékòó, ló fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, kí lẹ ń yan àga sí? Wọn kì í kọ nọ́ńbà sí i níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn síta, eré ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè ló ni àga." Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ká ní èmi ni, n kò ní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rárá. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹlòmíràn ló máa di ọ̀nà mọ́ ọn."

Mo mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo fi èkejì sílẹ̀.

Ẹsìẹ́ ni mo sùn kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Nígbà tí mo jí, n kò bá Ìyá lórí ẹní. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí gbogbo agboolé máa ń sá èlùbọ́ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn. Wọ́n ti tẹ́ gbogbo iṣu tí wọ́n bọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò fi àyè sílẹ̀.

"Ìyá, ta ni yóò kó o? Òjò lè dé."

"Mo ti bẹ àwọn ìyàwó ilé." Wọ́n nà ró, wọ́n fọwọ́ ti ìdí. "Ó funfun. Bóyá n óò rí i láti òkè."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Mọ́tò kan gbé wa gba Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin. Ìgbà tí a kọjá Ganmo, Ìyá bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "A ti jìnnà báyìí."

Èrò kún pápá bàálù. Àwọn ọkùnrin onílééṣì wà níbẹ̀, àwọn oníkóòtù náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó fẹ́ yà fún ẹnì kejì. Mo sọ fún Ìyá pé kí wọ́n máa bọ̀ jẹ́jẹ́, èmi óò lọ di àga mú. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, gbogbo èèyàn ki eré mọ́lẹ̀. Mo ká ìró mi dé orókún, mo fi bàtà mi há abíyá, mo sáré lórí ọ̀dà gbígbóná yẹn bí ọmọdé tí wọ́n ń lé. Ọkùnrin kan fi àpò ọwọ́ rẹ̀ gbá mi, mo fi ìgúnpá dá a lóhùn. Nígbà tí mo gòkè, mo wo ọwọ́ òsì, mo wo ibi tí apá bàálù ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rí àga méjì níwájú rẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo tẹ́ ẹ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo jókòó sórí èkejì, mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Ìyá wà lára àwọn tó gòkè kẹ́yìn. Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá wọlé, mo sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n fọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé náà. Koríko pápá hàn níta, igi hàn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó mọ́," wọ́n ní. "O ṣeun, ọmọ mi."

Obìnrin tó ń tọ́jú èrò wá, ó so bẹ́líìtì mọ́ wa nínú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. A retí kí bàálù gbéra, kò gbéra. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti òkè orí wa dáwọ́ dúró. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí rú bọ̀ láti ara irin. Ọmọ ọwọ́ kan figbe bọnu. Láti ẹnu kan dé ẹnu kejì ni a fi gbọ́ pé ọ̀gá ìjọba kan ló ń bọ̀, òun ni wọ́n ń dúró dè. Ọkùnrin kan pariwo pé kí wọ́n kúkú ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gèlè tí mo fi gba àga ni mo fi ń nu òógùn ojú Ìyá.

Wọ́n ń fọwọ́ wá etí fèrèsé náà yíká.

"Ibo ni wọ́n ti ń ṣí i?"

"Kò ṣeé ṣí, Ìyá."

"Fèrèsé tí kò ṣeé ṣí, kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀." Wọ́n ń fa bẹ́líìtì náà, kò tú. Èmi náà fà á, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Obìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni dìde."

Ìyá jókòó. Wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n fi ohùn kékeré sọ ọ́, èmi nìkan ni mo gbọ́: "Bàbá rẹ ń rí afẹ́fẹ́ jù mí lọ níbi tó wà."

Èmi ni mo wádìí àga náà. Èmi ni mo sá eré tí mo fi gbà á. Ara ògiri bàálù la fún Ìyá mọ́, èmi sì ni mo jókòó di ọ̀nà.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn díẹ̀ wọlé, gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù kan, ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn tó wà níwájú dìde. Ó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá ló ni ibí."

Mo ti ń dìde. Ìyá fa ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Ìwọ, jókòó," wọ́n ní. Wọ́n wá kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, nígbà tí mo ní mo fẹ́ dìde, ẹ ní n kò gbọdọ̀ dìde. Ẹ̀yin lẹ dè mí mọ́ ibí. Ibi tí ẹ dè mí mọ́ ni n óò wà."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Òótọ́ ni Màmá sọ!" Òṣìṣẹ́ náà bojú wo ọ̀gá náà. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ti rẹ̀, juwọ́ sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀, ó sì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló lọ jókòó lẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, Ìyá kò bá wọn rín in.

Bàálù sáré, ó gbéra. Lẹ́yìn náà ló dẹ̀gbẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tíṣà jọ́gíráfì kò sọ èyí fún mi, pé bàálù a máa yí po kó tó kọjú sí ibi tó ń lọ. Àwọn tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ń nàka sísàlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ àdúgbò. Fèrèsé tiwa kọjú sókè.

"Ọ̀run nìkan ni mò ń rí," Ìyá wí.

"Ẹ ní sùúrù. Ó máa tó padà bọ̀ sípò."

Ó bọ̀ sípò lóòótọ́. Ilẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ sójú fèrèsé, ó tutù yọ̀yọ̀, òjò ti fọ̀ ọ́. Mo rí ọ̀nà pupa kan tó tín-ín-rín bí òwú tí wọ́n rẹ sínú epo. Mo rí páànù orí ilé tó ń kọ mọ̀nà, tó ń pa rẹ́. Lọ́nà jíjìn, àwọn òkè ilẹ̀ wa dúró, aró ni mo rí lára wọn, kì í ṣe ewé. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ Ìgbómìnà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ibi tí ẹbí fi ń bá ẹbí jà nítorí ààlà, n kò rí ààlà kankan níbẹ̀.

Ìyá ti fi iwájú orí kan gíláàsì.

"Èwo ni Ẹsìẹ́?"

Mo nà kọjá èjìká wọn, mo wò, mo wò. N kò mọ̀ ọ́n.

"Ìyẹn tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ òun, Ìyá."

Wọ́n wò ó sí i. "Kì í ṣe òun. Ìyẹn tóbi jù. Má fi irọ́ tù mí nínú."

Kùrukùru dé, ó bò ó. Ìgbà tí a lò lójú òfuurufú kò tó èyí tí mọ́tò lò láti Ẹsìẹ́ dé Ìlọrin. Títí a fi balẹ̀, kùrukùru ni Ìyá ń wò. Ẹ̀yìn wọn ni èmi ń wò.

Ilé àbúrò mi ní Súrúlérè dára. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá Ìyá wà. Wọ́n fi irin sí gbogbo fèrèsé nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lọ́wọ́ mẹ́gáàdì tí kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá kò bá pàṣẹ. Ìyàwó àbúrò mi a máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ a máa lọ sí ilé-ìwé, Ìyá a kù pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ nílé, wọ́n sìn mí dé orí àtẹ̀gùn.

"Kí àwọn ará Ẹsìẹ́," wọ́n ní. "Sọ fún wọn pé mo wà dáadáa." Wọ́n sọ ọ́ bí ọmọ ilé kéú tó ń ké ohun tí kò yé e.

Ìgbà kan tí mo padà lọ wò wọ́n, mo gbìyànjú láti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Mo ní Ìyá fẹ́ wálé fún ìgbà díẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "kí lẹ fẹ́ kí aráyé máa wí? Pé mo lé ìyá mi jáde?"

Kì í ṣe ìkà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dọ̀bálẹ̀ fún wọn kó tó bọ́ kóòtù. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́nu bà, á rà á. Ìfẹ́ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Bó bá jẹ́ ìkà ni, à bá rí ohun tí a lè sọ.

Nígbà tí ìlú le, ó le dé ilé náà. Àwọn sójà gbàjọba, láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń kó ọjà wọlé di àwátì. Mọ́tò kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, mẹ́gáàdì náà lọ, kò sì sẹ́ni tó gba ipò rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà ní kíláàsì ní Òmù-Àrán, ni mo gbọ́ tí lọ́rì kan dúró síta. Lọ́rì tó ń ti Èkó bọ̀ ni, iṣu ni ó kó lọ, òfìfo ló ń bọ̀. Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ọmọ Ìjàrà-Ìsin ni, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó na ọwọ́. Ìyá mi ló gbé sọ̀kalẹ̀. Eruku ti kun wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹrù wọn kò ju ìdì kékeré kan lọ.

"Tíṣà, ẹ gba ìyá yín o," dírẹ́bà wí. "Wọn ò jẹ́ kí n sinmi lọ́nà."

"Ìyá! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa bọ̀?"

"Mo gbọ́ Ìgbómìnà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti ń já iṣu lójú òpópó wọn," wọ́n ní, "mo di aṣọ rẹ̀ mú." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti kún ojú fèrèsé, wọ́n ń wò wá. N kò rántí láti lé wọn padà.

Kò pẹ́ sí i ni àbúrò mi dé. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá. Mo bá a lọ sí Ẹsìẹ́, níbi tí Ìyá ti padà sínú ilé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó dìde, kò jókòó.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín? Àwọn èèyàn ní ebi lẹ sá fún."

"O kò fi ohunkóhun ṣe mí. O tọ́jú mi."

"Kí ló dé tí ẹ sá fún mi?"

"Ìwọ ni mò ń wò láti òkè lójoojúmọ́," wọ́n ní. "Wàá de táì, wàá jáde bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Tó o bá dé ìpẹ̀kun òpópó, wàá dúró. O kò mọ apá ibi tí wàá yà sí. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yẹn ti parí, nítorí tèmi lo ṣe ń díbọ́n. Bí mo bá wà níbẹ̀, o kò ní lè jókòó sílé kó o sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́."

Àbúrò mi wò mí, bíi pé èmi ni mo sọ fún wọn. Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá àpótí kan fà, ó jókòó lé e, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà tí a sin Bàbá, n kò rí omijé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Ìyá fi í sílẹ̀ kó sunkún tó, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó dúró sí Ẹsìẹ́ títí ilé Súrúlérè fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Òkè-Ọdẹ, ó ń kó o lọ sí Ìlọrin. Owó oṣù àwa tíṣà kò jáde mọ́ lásìkò náà, nítorí náà mo máa ń bá a lọ tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi.

Ọ̀nà Òkè-Ọdẹ kò dáa nígbà òjò. Ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tí a háyà rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà. Àbúrò mi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà, wọ́n ń tì í. Ẹni tó máa ń wo kóòtù rẹ̀ nínú dígí kó tó jáde, ẹrẹ̀ ti dé irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi jókòó sórí ẹrù, aṣọ tí mo wọ̀ ṣì mọ́.

"Àǹtí mi," ó pariwo, "ẹ̀yin náà wúwo o. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá tì í!"

Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìgbà tí a dé Ẹsìẹ́, Ìyá kò mọ èyí tí í ṣe ọkùnrin nínú wa. Wọ́n gbé ìkòkò omi ka iná, wọ́n bú wa títí omi náà fi hó.